Bí a ṣe ń dá àwọn ẹyẹ tí ń mi ìrù mọ̀ n'Ìbàdàn

Ẹyẹ kékeré kan wà tí ìrù rẹ̀ kì í sinmi. Yóò sáré díẹ̀ nílẹ̀, yóò dúró gbọnin, ìrù á máa lọ sókè sódò. Wagtail ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pe ìran náà. Méjì nínú wọn la sábà máa ń rí n'Ìbàdàn.

Ẹ kọ́kọ́ ka oṣù. Èkíní, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Motacilla aguimp, onílé ni, kò síbi tó ń lọ. Èkejì, Motacilla flava, àlejò ni: Yúróòpù ló ti ń la aṣálẹ̀ Sàhárà wá nígbà tí òtútù bá dé lọ́hùn-ún. Bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin la máa ń rí i. Èyí tí ẹ bá rí lóṣù keje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé onílé ni.

Ẹ wá wo àyà. Ẹ̀yìn onílé dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ọ̀já dúdú kan sì gba àyà rẹ̀ já. Ìlà funfun wà lókè ojú rẹ̀, funfun tún wà níyẹ̀ẹ́ apá. Ikùn àlejò pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ máa gbẹ, kò sì tó onílé gùn.

Ọmọ ẹyẹ ló ń tanni jẹ. Mo rí ọ̀kan rí létí omi Ẹlẹ́yẹlé, ara rẹ̀ rí bí eérú, kò sí dúdú kankan. Mo ti kọ "àlejò" sínú ìwé mi kí ìyá rẹ̀ tó bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi kòkòrò sí i lẹ́nu. Àlejò kì í pamọ níbí! Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ǹ bá ti rí ọ̀já ràkọ̀ràkọ̀ láyà rẹ̀, ǹ bá sì ti rí i pé kò sí àwọ̀ ìyeyè kankan lábẹ́ ìrù.

Bí ẹ ò bá rí àyà, ẹ wo ilé tó wọ̀. Orí òrùlé àti etí odò ni ti onílé, òun àti ẹnìkejì rẹ̀. Àlejò fẹ́ràn pápá gbalasa àti ẹsẹ̀ màlúù, torí kòkòrò tí pátákò bá ta sókè lóun ń ṣa jẹ. Agbo ni wọ́n sì máa ń wà.

Nígbà tó bá di oṣù kẹta, tí akọ àlejò ti pààrọ̀ ìyẹ́, orí rẹ̀ á sọ ìlú rẹ̀. Orí eléérú tó ní ìlà funfun lókè ojú, àárín gbùngbùn Yúróòpù ni. Eléérú dúdú tí kò ní ìlà, apá àríwá bíi Sweden ni. Èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí ikùn, ọmọ Bìrìtìkó ni. Ẹ tètè wò ó, torí wọn ò ní pẹ́ gbéra.