Kí àgbá tó dún, ojú ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀

Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ géèmù ogun orí tábìlì, àgbá ni wọ́n máa ń kó gbogbo póíńtì tí wọ́n fi ń ra ọmọ ogun lé. Mọ́tà mẹ́rin (àgbá kúkúrú tó ń ju ọta sókè), ìbọn ńlá méjì, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ fún wọn ibi tí ọ̀tá wà. Àgbá ò lójú. Ẹ̀yìn òkè ni àwọn tó ń yìn ín wà, ohun tí alóre, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀tá, bá ránṣẹ́ sí wọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ bá mi fi àgbá sílẹ̀ ná, alóre ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: bó ṣe ń ríran, ibi tó yẹ kó lúgọ sí, àti bó ṣe ń fa ọta wá sí orí ọ̀tá.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣàpọ́n, l'Abẹ́òkúta níbí. Flex tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìpolówó ni mo fi ń tẹ máàpù tí a fi ń ta géèmù lálẹ́ Sátidé, ìdérí kọrọ́n ti ìgò sì ni ọmọ ogun wa. Gígùn máàpù náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, ìbú rẹ̀ 60. Hex kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilé onígun mẹ́fà tí a pín ilẹ̀ sí, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, a sì kà á sí mítà 50. Ilẹ̀ kìlómítà kan àti ààbọ̀ ló wà lórí tábìlì yẹn.

Bí ẹ bá ra géèmù elédè òyìnbó, ìwọ̀n hex ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìwé òfin rẹ̀. Mítà 40 ni hex kan nínú Squad Leader tó jáde ní 1977. Nínú PanzerBlitz ti 1970, mítà 250 ni. Ilé kan ṣoṣo lè gba hex mítà 40 tán, ṣùgbọ́n nínú hex mítà 250, odidi abúlé lè wọ̀ ọ́, ohun tí a sì ń pè ní "mo rí ọ" nínú ọ̀kan kì í ṣe ohun kan náà nínú èkejì.

Ó wá kan òwú tí a fi ń mọ̀ bóyá alóre rí ọ̀tá. Òwú ìránṣọ dúdú ni kí ẹ lò, irú èyí tó kún Ìtòkú láàárín àwọn aláṣọ àdìrẹ. Rọ́bà máa ń fà, okùn ìpẹja sì máa ń ká kò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ àmì tó wà láàárín hex alóre, kí ẹ fà á dé àmì àárín hex ọ̀tá, kó le dáadáa, kó sì lẹ̀ mọ́ máàpù. Ohunkóhun tí òwú bá gba orí rẹ̀ kọjá, ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Ilé, ògiri gíga, igbó kìjikìji àti òkè máa ń dí ojú pátápátá. Oko àgbàdo tó ti ga, ewéko àti èéfín tó ti ń tú ká kàn ń ṣú ojú ni. Òfin tiwa ni pé bí òwú bá gba hex mẹ́ta irú wọn kọjá, kò sí ìríran mọ́.

Bí òwú bá wá fara kan etí ilé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹnu kò sí i kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ilé tí mo tẹ̀ la fi ń ṣe ìdájọ́: bí òwú bá kàn án, ilé ti dí i, bí kò bá kàn án, kò dí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ síta kó tó fọwọ́ kan òwú. Bí ojú ò bá débẹ̀, ó ti fi ìbọn ṣòfò nìyẹn. Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń fa òwú káàkiri máàpù bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ títà, tó ń wá ọmọ ogun tí òun máa rí.

Gíga ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹ gun Olúmọ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ẹ dúró ní àárín orí àpáta, kí ẹ má tíì sún mọ́ etí. Ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti dípata, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, títí ojú yóò fi rí odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ wá wo àwọn ilé tó wà ní ìdí àpáta gan-an, àwọn tí ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ ò ní rí wọn, ikùn àpáta ti bò wọ́n. Ẹ rọra sún síwájú, téńté òrùlé kan á yọ. Ẹ tún sún díẹ̀, ògiri rẹ̀ á yọ, lẹ́yìn náà okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ká aṣọ. Ẹni tó jókòó sí góńgó òkè ń rí ibi tó jìnnà, kò sì rí ẹni tó ń gun ẹsẹ̀ òkè bọ̀ wá bá a.

Àbùkù kejì ni pé ẹni tó bá dúró sí góńgó, ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń rí orí rẹ̀. Èjìká òkè ni kí ẹ fi alóre yín sí, kó wálẹ̀ díẹ̀ láti góńgó ní ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀tá, kí àpáta tàbí igbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yòókù, ẹ̀yìn òkè ni tiwọn. Ohun tí Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ogun Waterloo ní 1815 nìyẹn: ó kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn òkè, kí àwọn tó ń yin àgbá Napoleon ti Faransé má baà rí wọn.

Ìṣirò kan wà tí mo fi ń parí àríyànjiyàn. Ẹ mú jíjìnnà ilé sí alóre, ẹ fi gíga ilé sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ohun tí alóre fi ga ju ilé lọ pín in. Èsì rẹ̀ ni iye mítà tó fara pamọ́ lẹ́yìn ilé náà, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tẹ́jú. Alóre wà lókè mítà 40, ilé ga ní mítà 10, ó sì jìnnà ní mítà 200: 200 lọ́nà 10, a pín in sí 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 67. Hex kan àti díẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ ojú. Ẹ wá gbé ilé kan náà lọ sí mítà 600. Mítà 200 ló máa fara pamọ́, hex mẹ́rin gbáko!

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé alóre sókè, ó ní òun fẹ́ yin mọ́tà tí mo kó sẹ́yìn ilé ìwé ní apá ibi tó jìnnà.

"Ọ̀gá, òkè ni mo wà o. Mo rí wọn."

"Ẹ̀yìn ilé ìwé ni wọ́n wà. Báwo lo ṣe rí ẹ̀yìn ilé ìwé?"

"Ẹ wo bí mo ṣe ga tó níbí."

"Ṣírò ó."

Ó mú bírò, ó ṣírò ó sí ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ọ̀gá, ilé ìwé tí ẹ tẹ̀ yìí ti ga jù."

Bí alóre bá ti jókòó síbi tó dára, ọta kan ṣoṣo ni kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yìn, kó wo ibi tó bọ́ sí. Òsì tàbí ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ tún ṣe, kí ọta lè máa bọ́ sórí ìlà tó ti ọ̀dọ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá. Òsì òun fúnra rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe òsì àwọn tó wà nídìí àgbá. Àwọn yẹn ni kó lọ ṣírò ti wọn. Lóko ogun gidi, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n bí awò ò bá sí: bí ẹ bá na apá tán, ìka kan ń bo nǹkan bíi mil 30 (mil ni ìwọ̀n igun tí àwọn ológun ń lò), mil kan sì jẹ́ mítà kan ní ìwọ̀n kìlómítà kan. Ìka kan ní kìlómítà méjì jẹ́ 60 mítà.

Jíjìn ló kù, òun ló sì le. Ojú ènìyàn ò lè sọ pé ọta jábọ́ ní mítà 130 sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó lè sọ bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Bí èéfín bá bo ọ̀tá, ọta jábọ́ níwájú rẹ̀. Bí ọ̀tá bá hàn níwájú èéfín, ọta ti ré kọjá. Nítorí náà, ẹ fò ó jìnnà. Ọta àkọ́kọ́ jábọ́ níwájú, ẹ fi 400 kún un. Bó bá ré kọjá, ọ̀tá ti wà láàárín méjèèjì, ẹ yọ 200. Bó bá tún jábọ́ níwájú, ẹ fi 100 kún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ pín 100 yẹn sí méjì, ẹ fi 50 kún un tàbí kí ẹ yọ 50, kí ẹ wá ní kí gbogbo àgbá yìn papọ̀. Lórí máàpù mi, hex mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì, ọ̀kan nìyẹn. Ìdí tí mo fi yan mítà 50 gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi hex kọ̀ọ̀kan lé ọta kiri láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tá á ti jẹun, á ti palẹ̀ mọ́, á ti lọ.

Gbogbo èyí ò ní dùn bí ìdérí kọrọ́n bá wà ní gbangba lójú àwọn méjèèjì. Ẹ wá adájọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun: nígbà tí Reisswitz, ọmọ ogun Pùrọ́ṣíà ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, gbé géèmù ogun tirẹ̀ jáde ní 1824, adájọ́ ló wà láàárín, ohun tí ojú ẹni bá lè rí nìkan ló ń fi hàn án. Adájọ́ tiwa ní máàpù kékeré lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń ju dáìsì méjì fún ọta àkọ́kọ́: ọ̀kan ń sọ ìhà tí ọta yà sí, torí hex ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà bí dáìsì ṣe ní ojú mẹ́fà, ìkejì ń sọ iye hex tó fi ṣìnà, a sì máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó wá sọ fún alóre pé "iwájú, apá òsì," kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọta kejì, ibi tí alóre bá wí ló ń bọ́ sí, àfi bí dáìsì bá mú márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó máa yà ní hex kan.

Ìró náà wúlò bí àgbá ọ̀tá bá fara pamọ́. Láti ìgbà tí iná bá bù lẹ́nu rẹ̀, kí adájọ́ sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá kí ìró tó dé, kí ẹ wá fi 350, iye mítà tí ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sọ ọ́ di púpọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin jẹ́ mítà 1,400.

Kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ hex mẹ́ta sínú ìwé, ó ń ká a pọ̀, ó ń fún adájọ́. Ibẹ̀ ni àgbá rẹ̀ ti wọ̀n sílẹ̀. Ó lè yin gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láìfi ọta kan dán an wò. Oríta àti afárá ni kí ẹ kọ. Bí máàpù bá ní afárá Lafẹ́nwá, ẹni tí kò kọ ọ́ ń sùn ni.

Ẹ ṣọ́ àwọn ènìyàn yín pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, bí ọta mọ́tà tàbí àgbá bá máa bọ́ sí ìwọ̀n mítà 600 sí ọmọ ogun tiwọn, alóre gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé ó ti sún mọ́ra. Hex 12 nìyẹn lórí máàpù wa, kò ní sí géèmù mọ́, a wá fi sí mẹ́rin.

Èyí tó kù ni ti ẹni tó ń rìn. Nínú PanzerBlitz, ọkọ̀ ogun lè ti inú igbó kan sáré la gbangba kọjá wọ inú igbó mìíràn lójú ọ̀tá, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yìn ín, torí pé ìgbà tí ó bá kàn ọ́ nìkan lo lè yìnbọn. Panzer Leader ti 1974 ló fi òfin dí ihò yẹn, tó jẹ́ kí ẹnìkejì lè yin ẹni tó ń kọjá lọ. Nínú tiwa, ẹni tó bá ń sún ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ka hex sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkejì lè ráyè sọ pé "Dúró ńbẹ̀," kó sì nawọ́ mú òwú.