Ẹ Má Kówó Síbi Tójú Ti Ń Rí Nìkan: Àṣìṣe Àwa Tí À Ń Ran Iléèwé Ìlú Lọ́wọ́

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ọmọ ìlú. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa nílẹ̀ Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, èmi fúnra mi ti ṣe ju ìdajì lọ.

Èkíní: ẹ má pe kíláàsì tuntun ní ẹ̀kọ́. Ilé ni.

Èkejì: ẹ má ra kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ ò tíì rí tíṣà. Èyí ló ń bí mi nínú jù. A ra méjìlá. Lọ́jọ́ tá a ṣí i, ìlù ń dún, jẹnẹrétọ̀ tá a yá ń bú ramúramù, èmi ni mo sì di sísọ́ọ̀sì mú fún ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù. Owó epo tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà lọ ní táàmù kejì, ọ̀gá iléèwé ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, la bá fọ́ àgádágodo. Ọmọńlé ti yé ẹyin sórí tábìlì. Mẹ́rin nínú kọ̀ǹpútà náà ṣì wà nínú ọ̀rá. Ní yàrá kejì, tíṣà kan ṣoṣo fi ẹfun pín pátákó sí méjì: ọ̀tún fún kíláàsì kẹrin, òsì fún ìkarùn-ún. Mo ní kí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹrin ka “Olú lọ sí oko” fún mi. Kò lè kà á.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eric Hanushek àti Ludger Woessmann, ti fi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè: ohun tọ́mọ mọ̀ ní ti gidi ló ń bá ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé rìn, ju iye ọdún tó lò níléèwé lọ. Ṣé ọmọkùnrin yẹn ò wá lo ọdún mẹ́rin lásán báyìí?

Ẹ má gba tíṣà torí pé ọmọ àbúrò alága ni.

Ẹ má lé Yorùbá jáde ní kíláàsì. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ fọ́dún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n pín ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fáwọn ọmọ. Àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ló jàǹfààní.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà: ẹ yéé sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ló tọ́ wa. Western Region ló ṣe é ní 1955. Northern Region làwa ará Yàgbà wà nígbà náà.

Lánàá, ọmọ ìlú kan pè mí láti Àbújá pé òun fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́fà fún wa. Mo ní ta ni yóò máa kọ́ wọn níbẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá pè mí padà.