Bí mo ṣe gba bọ́dà Cyanika lọ wo ìnàkí

Owó ló gbé mi gba bọ́dà Cyanika, láti Rwanda lọ sí Uganda. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ni mo fi rìn, $1,500 sì ni Rwanda ń gbà lọ́wọ́ irú wa láti wo ìnàkí orí òkè. Ní Uganda, $800 ni. Mo bá ra àṣẹ ti Uganda, mo gba físà wọn ($50) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wọ bàálù lọ sí Kigali, olú ìlú Rwanda, mo sì háyà ọkọ̀ pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà níbẹ̀.

Ọ̀nà Musanze tó lọ sí bọ́dà dán. Ní Cyanika, òkè Muhabura dúró gàgàrà lókè orí wa. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde fún mi, mo fẹsẹ̀ rìn sọdá, wọ́n ní kí n mú káàdì ibà pọ́njú wá. Ìwé ọkọ̀ ló dá wa dúró jù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà ní Rwanda, ọwọ́ òsì ni ní Uganda. Mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé aago Uganda fi wákàtí kan ṣáájú.

A sùn sí Rushaga, létí igbó Bwindi. Fóònù mi ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aago Kigali ló ṣì ń kà. Mo ní kó jí mi ní aago 6. Kí ó tó dún, dẹ́rẹ́bà ti ń gbá ilẹ̀kùn: "Màdáámù, aago méje ti fẹ́ lù o!" Aago 8 ni wọ́n ń ṣàlàyé òfin igbó fáwọn àlejò. Omi ò kàn mí lára láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwa mẹ́jọ ni wọ́n pín sí agbo ìnàkí kan. Mo gba alábàárù. Ẹ má ṣahun níbẹ̀, òun ló fa ọwọ́ mi gun òkè. Èsìsì jó mi gba inú ṣòkòtò.

Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ṣọ́ igbó ní ká fi ọ̀pá sílẹ̀, ká wọ ìbòmú, torí ikọ́ tiwa lè pa wọ́n. Nínú iye ìnàkí orí òkè tí wọ́n kà, tó jáde ní 2019, 1,063 péré ni gbogbo wọn láyé.

Òórùn wọn ló kọ́kọ́ dé, bí òógùn tó gbẹ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí bàbá wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí eérú. Ó fa igi tútù kan ya, ó fi eyín bó èèpo rẹ̀ bí ẹni bó ìrèké, ó ń run inú rẹ̀ wómúwómú. Mítà 10 ni wọ́n ní ká fi jìnnà sí wọn, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọ wọn kékeré? Ó já bọ́ láti orí okùn igbó, ó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwa la ń fẹ̀yìn rìn. Bàbá rẹ̀ só. Kò tilẹ̀ wojú ẹnì kankan. Ẹ̀ṣọ́ wo aago: wákàtí kan ti pé.

Nígbà tí a padà dé Cyanika, wọ́n tú báàgì mi. Rwanda ò gba ọ̀rá láàyè, ọ̀rá sì ni mo fi di bàtà ẹlẹ́rẹ̀ mi. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀rá, mo fọwọ́ gbé bàtà wọ Rwanda.