Bí A Ṣe Ń Fa Ìwọ̀ Kó Kọ́ Walleye Lẹ́nu Lórí Adágún Dídì

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ìdílé tó ń pẹja walleye nígbà òtútù lórí àwọn adágún ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, irú bíi Mille Lacs, tí wọ́n sì ń lo bobber, ìyẹn ohun kékeré tó ń léfòó lójú ihò tí a lu sínú omi dídì. Ẹ má ṣe gun orí omi dídì náà bí kò bá tíì mọ́ gaara, kí ó sì nípọn tó íǹṣì 4, ó kéré tán.

Ìkánjú ló ń jẹ́ kí ẹja bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ara walleye kì í yá nínú omi tútù. Ńṣe ló ń fi ẹnu fa ìdẹ wọlé pẹ̀lú omi, bí ó bá sì fura pé nǹkan kan ń fà á sókè, yóò tu ú dànù. Nítorí náà, ẹ mú bobber kékeré, kí ẹ sì máa fún òjé mọ́ okùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku orí rẹ̀ nìkan lójú omi. Bí ẹ bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó rì láìjanpata. Ẹ máa fi ṣíbí onihò kó yìnyín wẹ́wẹ́ kúrò lójú ihò, nítorí bobber tí yìnyín bá dì mú kò ní sọ ohunkóhun fún yín.

Nígbà tí ó bá rì, ẹ má tíì fà á. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ rọ orí ọ̀pá sísàlẹ̀, kí ẹ sì wo okùn: bí ó bá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹja ti gbé ìdẹ lọ. Ẹ rọra ká okùn tó dẹ̀ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ ìwúwo ẹja, lẹ́yìn náà ẹ gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lókè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá orí omi dídì kúrú, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 péré, kò sì lè gba okùn dídẹ̀ púpọ̀ ká. Ẹni tó bá fà á kí okùn tó le, okùn lásán ló fà.

Àwọn kan a máa ní kí a dúró pẹ́ títí. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹja á gbé ìwọ̀ mì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹja kékeré tí òfin ní kí ẹ dá padà, ẹ gé okùn lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ẹ má fa ìwọ̀ náà yọ.