Ẹ wo ìrù rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ lókò

Àkùkọ ló máa ń kọ́kọ́ rí ẹyẹ apẹranjẹ lókè. Á dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ojú kan ṣoṣo wòkè, á wá fa ohùn gígùn kan tí kò jọ kíkọ òwúrọ̀ rárá. Lójú ẹsẹ̀, àgbébọ̀ á na apá, àwọn òròmọdìẹ á sá wọ abẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé mi lọ́nà Ìjàn, ní Adó-Èkìtì níbí, ohùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé ojú sókè. Àmọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti gbọ́ ọ, òkò ni wọ́n ń wá. "Màmá, àṣá dé!" Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó wá. Nínú gbogbo ẹyẹ apẹranjẹ tó ń yà sọ́dọ̀ mi, ọ̀kan péré ni mo kà sí olè adìẹ gidi. Eku, alángbá, tata àti ọmọ ẹ̀gà ni àwọn yòókù sábà máa ń wá kiri.

Ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹyẹ bá wà láàárín yín àti oòrùn, dúdú ni gbogbo wọn. Ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ wo bó ṣe ń fò: ṣé ó ń ju apá léraléra ni, àbí ó na apá tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, àbí ńṣe ló dúró lójú kan? Tó bá ti bà sórí igi, ẹ wá wo ojú, ọ̀fun àti ẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kódà bó bá ṣe bàìbàì. Ẹ ó lè fẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ti lọ.

Àwòdì ni olè tí mo wí. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ní láti orí dé ìdí, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ yẹ́lò. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ Milvus aegyptius. Ìrù rẹ̀ là díẹ̀ láàárín bíi ti ẹja, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì bó ti ń rábàbà, torí òun ló fi ń darí ara rẹ̀. Tó bá na ìrù náà tán, ibi tó là yẹn á pòórá. Ẹ ní sùúrù títí yóò fi pa á dé. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń pọ̀. Ẹ ó máa rí wọn lórí Òkè Ayọ̀ba, àti níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Tí ẹnì kan bá sun oko, kíá ni wọ́n á pé síbẹ̀, wọ́n á máa gbé tata àti alángbá tó ń sá fún iná. Nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á gba Òkè Ọya lọ.

Àwòdì kì í bà kó tó jalè. Á já wálẹ̀, á fi èékánná gbé e, á máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀run. Nítorí náà, bí òròmọdìẹ bá pòórá lọ́sàn-án gangan láìsí ìyẹ́ kan nílẹ̀, òun ni kí ẹ fura sí. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Èyí tó ń wá sílé mi mọ̀ dáadáa o: bí mo bá ti dúró síta, kì í já. Ẹ má sì gbàgbé kannakánná, tí àyà rẹ̀ funfun, tí ẹnu rẹ̀ kò tẹ̀ kọdọrọ bíi ti àṣá. Òun náà ń gbé òròmọdìẹ, àwòdì la sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Polyboroides typus, orí ọ̀pẹ ni ẹ ó ti bá a. Ariwo ẹ̀gà kì í tán lórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n tí ariwo náà bá di igbe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yọjú. Ẹyẹ ńlá aláwọ̀ eérú ni, orí rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, ìrù rẹ̀ dúdú, ìlà funfun kan ṣoṣo sì dábùú rẹ̀. Kò sí ìyẹ́ lójú rẹ̀. Awọ lásán ni, yẹ́lò, tó sì máa ń pọ́n bí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Á rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, á dorí kodò, á máa ju apá kó má baà já bọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹyẹ náà há ni. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́ síwájú, ó ń ṣẹ́ sẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ìtẹ́ ẹ̀gà àti ihò igi láti fa ọmọ ẹyẹ yọ. Ó tún ń jẹ ẹyìn. Àwọn tó ṣì kéré nínú wọn ní àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì lè tan yín jẹ pé àwòdì ni. Ìrù tiwọn kò là.

Méjì kan wà tí wọ́n ń ṣọdẹ alángbá. Ọ̀kan kò ju ẹyẹlé lọ, ó máa ń sá pamọ́ sínú máńgòrò, á wá ta jáde fìrì: eérú lẹ́yìn, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láyà. Ó lè gbé òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ṣùgbọ́n alángbá ló mọ̀ jù. Èkejì tóbi díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba àárín ọ̀fun náà wálẹ̀. Ìlà yẹn nìkan ti tó.

Èyí tó bá dúró lójú kan lófuurufú lórí pápá, tó ń ju apá, tó funfun nísàlẹ̀, tí èjìká rẹ̀ dúdú, eku ló ń wò. Ẹ fi í sílẹ̀.

Igún ńkọ́? Àwọn ọmọ máa ń pe àwòdì ní igún torí wọn ò rí igún rí. Apá igún fẹ̀, ìrù rẹ̀ kúrú, orí àti ojú rẹ̀ pá. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, ti kà á mọ́ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ògùn tí wọ́n ń fi í ṣe wà lára ohun tó fà á. Tí ẹ bá rí i, ẹ ya fọ́tò.

Ti òru ni òwìwí, olójú funfun. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, mi ò bá wọn sọ ọ́. Bí ẹ bá rí òkìtì irun àti egungun eku tó dì pọ̀ lábẹ́ àjà, òun ló pọ̀ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má lo májèlé eku nítòsí rẹ̀, torí eku tó jẹ májèlé lè pa òun náà.

Ní ti adìẹ, àgò ni mo fi ń dé òròmọdìẹ mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án nígbà ọyẹ́, títí wọ́n á fi hùyẹ́ dáadáa. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ tí ẹ bá àgbébọ̀ láìlórí nínú ilé adìẹ, ẹ má wòkè rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹtà. Ẹ yẹ ilẹ̀kùn àti abẹ́ páànù wò, kí ẹ dí gbogbo ihò tí ìkúùkù yín bá ti lè wọ̀.