Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Kérésìmesì Àtijọ́ Kí Adùn Rẹ̀ Lè Jáde

Ẹni tó bá jókòó ti fíìmù Kérésìmesì ọdún 1964 bí ẹni tó ń wo èyí tó jáde lánàá yóò pa tẹlifíṣọ̀n kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, àgbọ̀nrín inú rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é ti hàn yẹn gan-an ladùn rẹ̀ wà. Bí a ṣe ń wo egúngún onídán ni kí ẹ wò ó. Kò sẹ́ni tó ń bínú pé ọ̀nì tó ń wọ́ nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀nì odò. Bí aṣọ ṣe di ọ̀nì là ń wò.

Ẹ má fi èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀. Santa Claus tí George Albert Smith ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1898 kò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọmọ ti sùn lórí ibùsùn, yàrá ṣókùnkùn, ni òbíríkítí kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Bàbá Kérésì sì wà nínú rẹ̀ lórí òrùlé. Àwòrán méjì ni wọ́n yà lé ara wọn lórí fíìmù kan ṣoṣo. Ẹ dá a padà, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi Scrooge, or, Marley's Ghost ti Robert Paul, ọdún 1901, tẹ̀ lé e. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀, iwin tó sì wà níbẹ̀, aṣọ funfun ló fi bora. Lẹ́yìn náà, The Insects' Christmas tí Ladislas Starevich ṣe ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1913: ọmọláńgidi Bàbá Kérésì sọ̀kalẹ̀ lórí igi ọ̀ṣọ́, ó bọ́ sínú igbó láti lọ ṣọdún fún àwọn kòkòrò àti ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gbádùn rẹ̀ bí ọmọ iléèwé ṣe máa gbádùn rẹ̀.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lóhùn. Bí ẹnì kan bá mọ gángan lù nínú ilé, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó máa lù ú bá ẹsẹ̀ wọn. Ó sàn ju orin dùùrù tí àwọn èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ̀tọ́ oníǹkan ti tán lórí àwọn wọ̀nyí, ó sì ti tán ní Amẹ́ríkà lórí Christmas Comes But Once a Year ti 1936, Rudolph (àgbọ̀nrín onímú pupa) tí Max Fleischer ṣe lọ́dún 1948, àti Santa Claus Conquers the Martians ti 1964. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí ìkànnì archive.org. Ẹ máa bá ẹ̀dà púpọ̀ níbẹ̀: ẹ wo ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi dátà ṣòfò, torí òmíràn ti parẹ́ débi pé ojú èèyàn ò hàn mọ́. MP4 ni kí ẹ mú. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í ka irú mìíràn láti orí fìláṣì. Bí fìláṣì yín bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí fìláṣì), fáìlì tó bá ju 4GB lọ kò ní wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ ku àyè 20GB lórí rẹ̀.

Wàyí o, àṣìṣe tó ń ba fíìmù wọ̀nyí jẹ́ jù lọ: tẹlifíṣọ̀n òde òní fẹ̀, fíìmù àtijọ́ ò fẹ̀. Mẹ́rin sí mẹ́ta ni wọ́n yà á. Tí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, tẹlifíṣọ̀n mìíràn á nà án, ojú gbogbo èèyàn á sì fẹ̀ bí àwo. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ wọ ibi ètò àwòrán, kí ẹ yan 4:3. Dúdú máa wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ dín Sharpness kù títí á fi sún mọ́ òdo, torí ohun tó máa ń mú kó hàn ketekete nínú fíìmù àtijọ́ kì í ṣe ojú èèyàn, àmì wínníwínní bí iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára fíìmù ni. Ẹ kúrò lórí Vivid, ẹ bọ́ sórí Movie. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ètò tó ń mú kí ìrìn yọ̀ (Motion Smoothing), ẹ pa á pátápátá. Ìdí rẹ̀ ni pé, nínú fíìmù ọmọláńgidi, wọ́n sún ọmọláńgidi díẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tún sún un; ètò yẹn á fi àwòrán tirẹ̀ di àárín wọn, iṣẹ́ ọwọ́ náà á sì pòórá.

Ní ti ohùn, ẹ so sípíkà mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà. Bluetooth máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ẹnu. Ẹ rẹ Bass sílẹ̀, nítorí ariwo hùùù tó wà lábẹ́ ohùn àtijọ́ ni yóò gbé sókè.

Iná lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n LED ìnṣì 32 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, ẹ fi 15 kún un fún sípíkà. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah, bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má baà tètè kú, á gbé yín tó wákàtí méje, lẹ́yìn èyí tí ẹ̀rọ inverter bá jẹ. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta gbangba ni, jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn, ariwo rẹ̀ sì ń bo ohùn fíìmù mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ní projector kò nílò aṣọ olówó gọbọi. Ọ̀ṣogbo ìlú aró la wà: ẹ ra yáàdì méjì aṣọ funfun tí àwọn aládìrẹ ń lò. Bó bá fẹ̀ tó ìnṣì 45, àwòrán 60 sí 45 á wọ̀ ọ́ láìní ojú rírán, 4:3 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ ta àdìrẹ tó dúdú sẹ́yìn rẹ̀ kí iná ilé kejì má baà là á kọjá. Ẹ so ọ̀pá mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ yìí kan náà máa bà lé ojú projector: aṣọ múlọ́múlọ́ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà pípẹ́ gba sùúrù. Ẹ yẹ ojú fèrèsé rẹ̀ wò lójú oòrùn. Bí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù, bíbu ni: ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ, á ràn mọ́ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá mọ́, ẹ sáré ẹ dé òpin, kí ẹ dá a padà síbẹ̀rẹ̀, kí téèpù tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Èyí tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè yọ láìní àwọ̀, tàbí kí àwòrán máa yí lókè yí nílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba àwòrán sórí téèpù ló yàtọ̀: NTSC ni tiwọn, PAL ni tiwa, kò bà jẹ́.

Nígbà tí wíwò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí gúgúrú àti ẹ̀pà lọ káàkiri, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń jẹ dòdò Ìkirè má fọwọ́ kan rìmóòtù. Kí ẹnì kan máa túmọ̀ fún àwọn àgbà. Nínú Santa Claus Conquers the Martians, ìṣẹ́jú 81, àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì Mars jí Bàbá Kérésì gbé nítorí ọmọ wọn ò láyọ̀. Ẹ wo béárì yìnyín dáadáa, èèyàn ló wà nínú awọ yẹn. Ẹ ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí aṣọ eré kọ, "Custume" ni wọ́n kọ síbẹ̀ dípò "Costume".

Ti Rudolph tí Rankin/Bass ṣe fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1964, tó ṣì ní olóhun, ẹ rà á. Japan ni wọ́n ti sún àwọn ọmọláńgidi rẹ̀, lábẹ́ Tadahito Mochinaga. Ẹ dá a dúró níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà Róòmù kọ ọdún: lẹ́tà M kan sọnù nínú rẹ̀, 1164 ló kà. Nínú A Charlie Brown Christmas, 1965, ẹ ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Sally, àbúrò Charlie Brown, ṣe ń já; ọmọdé tó sọ ọ́ kò tíì mọ̀wé kà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ọ̀kan wà tó gba ìṣọ́ra: Santa Claus tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò lọ́dún 1959. Àgbọ̀nrín onísípíríǹgì wà nínú rẹ̀, Bàbá Kérésì sì ń gbé lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi àwọn ọmọ Áfíríkà hàn kò dára rárá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí ó tó dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ fò ó kọjá.

Tí ẹ bá parí, ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e nàró bí ìwé, kí ẹ má tò ó lé ara wọn, nínú ike tó lọ́mọrí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.