Bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nípàdé àdúgbò

Nípàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní Mushin tàbí Ẹ̀búté Mẹ́tta, má dìde sọ̀rọ̀ láìkí alága. Kọ́kọ́ sọ pé: “Alága, mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà, mo júbà.” Lẹ́yìn náà, dárúkọ kókó kan ṣoṣo: “Ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí ni mo fẹ́ mú wá síwájú ìpàdé.” Bí o bá kó mẹ́ta pọ̀, ọ̀kan ni wọ́n á fà, wọ́n á gbàgbé ìyókù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó mú ìmọ̀ràn wá “dá àbá”. Ẹni tó fara mọ́ ọn “kín in lẹ́yìn”. Ẹni tí kò gbà “ta kò ó”. Àbá ni kí o ta kò, kì í ṣe èèyàn! “Mo ta kò yín” le jù létí àgbà. Sọ pé: “Ẹ má bínú sà, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀.” Bí ọmọdé bá pa òwe, kó fi “tótó, ó ṣe bí òwe o” kún un.

Láti bọ́ sí ẹ̀ka míì, “Ní ti owó…” ti tó. Ní ìparí: “Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ mi dé rèé.” Kí o sì jókòó lóòótọ́.